Ẹ̀dà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Ṣí Rí

Arlene Koskela, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ló ń tọ́jú tẹlifóònù ní ilé-iṣẹ́ Torvinen, àwọn tó ń gbé gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná kiri ní àríwá Michigan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló kọ ìwé olójú méjì lórí bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tẹlifóònù náà, àti bí wọn yóò ṣe dá a padà bí ẹ̀rọ bá kú. Ó kù kí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Bí gáàsì bá tán nílé ẹnìkan nínú oṣù kìíní, kò ní pẹ́ tí omi inú páìpù rẹ̀ yóò fi dì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pè, ẹ̀rọ yìí ló sì ń darí ìpè sọ́dọ̀ awakọ̀ tí iṣẹ́ kàn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sínú dísìkì kan. Wes Hautala, ọ̀gá Arlene tẹ́lẹ̀, ló ṣètò rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Iná kékeré kan máa ń tàn lára dísìkì náà, ìyẹn sì tó fún gbogbo ènìyàn.

Kò tó fún Arlene. Kó tó parí ìwé rẹ̀, ó gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan jáde, ó so dísìkì mọ́ ọn, ó ní kó dá ẹ̀dà padà. Kọ̀ǹpútà béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ó wakọ̀ lọ bá Wes nínú ahéré pákó rẹ̀ lórí adágún tó ti dì, níbi tó ti ń fi ìwọ̀ pẹja nínú ihò yìnyín.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ aṣínà dísìkì yẹn ni mo wá gbà."

"Ẹ̀rọ ti kú ni?"

"Kò tíì kú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á jí bó bá kú ni."

Wes bu kọfí fún un. "Orúkọ adágún yìí ni. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n ẹja ńlá tí mo pa lọ́dún tí mo ṣètò rẹ̀."

Ta ni kò mọ ẹja náà? Pọ́ùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Wes ti ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ròyìn rẹ̀ níbi ìsìnkú. Arlene padà sí ọ́fíìsì, ó tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó fi sípíkà pe Wes.

"Ọ̀gá, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ò ṣí i."

Wes rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Rodney ni." Rodney Torvinen, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ti wọlé, ó ń gbọ́.

"Ní kó jáde."

"Mi ò níí jáde o!" ni Rodney wí.

"Ó dáa. Tẹ mọ́kàndínlógún."

"Mọ́kàndínlógún kẹ̀! Ẹja tó kú tún fi pọ́ùn méje sanra!" ni Rodney kígbe.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ṣé ó ṣí?"

Ó ṣí.

Rodney rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló yíjú sí Arlene. "Arlene, ká ní Wes ti kú ńkọ́?"

Arlene na ìwé náà sí i. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àpòòwé méjì, kí wọ́n tọ́jú wọn síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ̀dà kan máa wà lóde ilé-iṣẹ́. Kí wọ́n sì máa pa tẹlifóònù fún wákàtí kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n dá ẹ̀dà padà ní tòótọ́.

Ibi tó kẹ́yìn ni Rodney dúró sí. "Wákàtí kan, nínú òtútù yìí? Àwọn oníbàárà mi lẹ fẹ́ pa. Ẹ jẹ́ ká dúró di ìgbà ooru."

"Ẹ wo ohun tí à bá bá pàdé ká ní òní ni ẹ̀rọ kú."

Rodney wo dísìkì náà. Ó ní òun gbà, bí rédíò ìlú bá lè ka nọ́ńbà àwọn awakọ̀ jáde ní wákàtí náà, kí àwọn oníbàárà lè pè wọ́n tààrà. Arlene ní òun á lọ bá wọn. Rodney fọwọ́ sí ìwé.

Ìdánwò àkọ́kọ́ yóò wáyé lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kejì, láago mẹ́fà àárọ̀.