Gùnfẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Ẹ̀mí

Àárín àdúrà ni a wà lọ́jọ́ Ìsinmi kan nígbà tí gùnfẹ̀ kan ti inú mi jáde. Kì í ṣe gùnfẹ̀ ọmọlúàbí o. Ó gùn, ó rinlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní orin nínú. Ìjọ Aládùúrà ni ìjọ wa ní Ìdànrè, irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn kan kí ẹ̀mí tó gbé wọn. Kí n tó lajú, wọ́n ti yí mi ká. Akọ̀wé ìran, ìyẹn arákùnrin tó ń kọ ohun tí àwọn aríran bá rí sílẹ̀, ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

"Ẹ máa wí, Ìyá Bùsọ́lá," ló ní. "A ń gbọ́."

Kí ni kí n wí? Ẹ̀wà tí mo jẹ lálẹ́ àná nìkan ni mo ń rí. Mo tún gùnfẹ̀, gbogbo ìjọ sì ké "Halelúyà!"

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àmọ́ ohun tó ń fa gùnfẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ mi ni mo sì fi ń jẹun. Kòkó lèmi àti ọkọ mi ń ṣe ní Atosin, ní Ìdànrè níbẹ̀. Orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìnkùlé wa la ti ń sá a. Èmi ni mo máa ń wọ àárín rẹ̀ láìwọ bàtà, tí máa máa fi ẹsẹ̀ yí i kí oòrùn lè mú gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló ń sọ èyí tó ti gbẹ àti èyí tí kò tíì gbẹ fún mi. Ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá gbìyànjú ẹ̀, ńṣe ló máa ń tú u ká bí adìyẹ.

Inú mi ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Tí mo bá jẹ iyán lọ́sàn-án, yóò jókòó síbẹ̀ di alẹ́ bí àlejò tí ò fẹ́ẹ́ lọ. Inú mi á wú, ẹran ò ní í dà, àyà á máa ta mí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí inú bá ti ń ta èèyàn, ọ́lúsà náà ni, ìyẹn ọgbẹ́ inú, ọ̀rọ̀ parí. Mo lọ sí kẹ́míìsì, mo ra oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, mi ò sì dá a dúró mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, èmi ń gbé e mì láìrí dókítà kankan.

Bàbá Wòlíì wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn mi, sọ pé ẹ̀bùn ìran ló ń bọ̀, ó kàn há sí mi lọ́fun ni. Wọ́n ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ kí ọ̀nà lè là. Mo gbà á. Gùnfẹ̀ ò dáwọ́ dúró, ìran ò dé. Àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Bàbá Bùsọ́lá, ọkọ mi, nìkan ni ò bẹ̀rù mi. "Aríran," á ní, "bá mi wò ó, ṣé ọbẹ̀ ti jinná?"

Ṣùgbọ́n okun ń tán lára mi. Ahọ́n mi pọ́n, ó dán, ata díẹ̀ báyìí á ta á. Tí mo bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, máa máa mí hẹlẹ. Lẹ́yìn náà, ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Mo ní àgbà ló ń dé.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń yí kòkó lórí àpáta. Ọkọ mi jáde láìwọ bàtà, ó gbẹ́sẹ̀ lé àpáta, ó fò sókè, ó sá padà síbi ibòji.

"Ìyá Bùsọ́lá! Àpáta yìí gbóná bí ààrò! Báwo lo ṣe dúró síbẹ̀?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mi ò mọ̀ pé ó gbóná. Nígbà tí mo jókòó tí mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò, ó ti lé ròrò, kò sì dùn mí rárá. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí mi ò ní irú ẹ̀ rí láyé mi, mo sì bú sẹ́kún. Ọkọ mi fọ ẹsẹ̀ náà, ó fi aṣọ tó mọ́ wé e. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Àkúrẹ́.

Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ le, èrò pọ̀, a sì dúró títí oúnjẹ tí a gbé dání fi tán. Mo ń gùnfẹ̀, àwọn èèyàn ń wò mí, kò sí ẹni tó ké halelúyà. Dókítà tó dá wa lóhùn kéré sí Bùsọ́lá ọmọ wa. Ó yẹ ẹsẹ̀ mi wò, ó ní kí n yọ ahọ́n, ó gba oògùn mi, ó yí i síwá-sẹ́yìn.

"Mà, ta ló ní kí ẹ máa lò ó?"

"Èmi náà ni."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tó yá, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lórí gba ọ̀fun mi wọnú ikùn. Mi ò ní í purọ́ fún yín, kò dára. Omi ń bọ́ lójú mi, ó ń ṣe mí bíi kí n bì. Àmọ́ kò pẹ́, nọ́ọ̀sì sì dì mí lọ́wọ́ mú.

Èsì yà mí lẹ́nu. Omi kíkan inú ikùn mi ò pọ̀ jù, ó kéré jù ni. Kòkòrò àìfojúrí kan ti ń gbé inú ikùn mi tipẹ́, ó ti jẹ ibi tó ń sun omi náà, oògùn tí mo ń gbé mì sì ń dín ìyókù kù. Omi kíkan yìí, bí Dókítà ṣe là á yé mi, òun ló ń bá wa da oúnjẹ. Òun náà ló ń yọ fítámì kan tó ń jẹ́ B12 kúrò lára ẹran, ẹja àti ẹyin kí ara tó lè gbà á. B12 yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Tèmi ti tán pátápátá. Gbogbo ọdún yẹn, omi ni mo ń bù sí ààrò tí ò níná.

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?" mo bi í.

"Ó lè padà, Mà. Ó tún lè má padà tán. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n ń gún mi ní abẹ́rẹ́ B12 léraléra níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi àyè sí i. Oògùn tó pa kòkòrò náà mú ẹnu mi korò bíi ewúro. Dókítà ló tọ́ mi sọ́nà bí mo ṣe dá ti kẹ́míìsì dúró, àyà sì tún ta mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ tiyín nù nítorí ìtàn tèmi. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lóòótọ́ nílò rẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní kí n máa mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ láràárọ̀ kí omi kíkan lè pọ̀ sí i, Dókítà ní rárá o, ikùn tó ti bó kọ́ ni ká ta omi ọsàn sí. Ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni mò ń jẹ, mo ń rọra jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa. Iyán mi ti kéré débi pé ọkọ mi ń bèèrè bóyá ọmọ ọwọ́ ló fẹ́ẹ́ jẹ ẹ́.

Mo lọ bá Bàbá Wòlíì, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi mí pé:

"Ẹ̀wà ni gbogbo rẹ̀, àbí?"

"Ẹ̀wà ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní kí n má gbààwẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì lé itan wọn, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n sì ní kí n má pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ kan jẹ o.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í le. Inú rọlẹ̀, gùnfẹ̀ dínkù, mo lè rìn dé ojú ọ̀nà láìsinmi. Ẹsẹ̀ nìkan ni ò sọ nǹkan kan. Oṣù ń lọ. Bàtà ò kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Lálaalẹ́ ni mò ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò bóyá nǹkan ti gún un tí mi ò mọ̀. Ọkọ mi ń yí kòkó, kòkó ń bu, oníbàárà wa ń yọ ṣùtì. Mo máa ń jókòó sí ibòji, máa máa wò ó, inú mi á bàjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bọ́ bàtà kí n lè fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe yí padà láti gbé omi, mo fẹsẹ̀ kọ òkúta, gbì! Mo pariwo. Bàbá Bùsọ́lá já jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ìró aṣọ mi ló sán mọ́dìí.

"Kí ló dé?"

"Òkúta ni! Ó ń dùn mí!"

"Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Jókòó."

"Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́! Mo ní ó ń dùn mí!"

Ìgbà náà ló tó yé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ mi mọ́ra, ó tẹ àtàǹpàkò.

"Èyí ńkọ́?"

"Yéè!"

"Èyí náà?"

"Yéè, ẹ ti fẹ́ẹ́ ṣẹ́ ẹ!"

Bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń ké, òun ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì, ó ní ti òun ọṣẹ ni. Nígbà tó dé ìka tó kéré jù lẹ́sẹ̀ òsì, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ìyẹn ò dáhùn.

Kò tíì dáhùn títí dòní. Mo ti padà sórí àpáta, kòkó wa sì ti ń gbẹ dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gún mi lábẹ́rẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara tó fara dà á fún mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo àwọn ìka tó dáhùn ni mo máa ń kí. Ìka kékeré yẹn náà, mo máa ń fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì máa ń kí i.