Kọ́là Nìkan

Ní ilé ìránṣọ kan l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo, aṣọ ilé-ìwé là ń rán. Alájà, ọ̀gá wa, ti pín iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́: ẹnì kan ń gé e, ẹnì kan ń rán apá, ẹnì kan ń gán bọ́tìnì. Kọ́là, ọrùn aṣọ, ni tèmi. Bí mo bá dé láàárọ̀, màá bá òkìtì kọ́là nídìí máṣíìnì mi. Bí mo bá rán wọn tán, òkìtì mìíràn á dé.

Iṣẹ́ náà ò le, àmọ́ n kì í fojú kan aṣọ tó ti parí. Yàrá kejì ni wọ́n ti ń dì í sínú ọ̀rá. Ọmọ Ifẹ̀wàrà kan tó ń gán bọ́tìnì, tó jókòó tì mí, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Tí ọmọ mi bá ní kí n rán odindi aṣọ fún òun, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo lọ bá Alájà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí kálukú máa rán aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. "Iṣẹ́ á falẹ̀. Àwọn ilé-ìwé ò ní dúró dè wá."

"Òótọ́ ni mà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ibí sílẹ̀ ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ náà ló ń sú wọn."

Wọ́n wọ gíláàsì wọn padà, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo padà sídìí kọ́là mi, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi ìgbà tí ọlidé dé tí Alájà pè wá jọ.

"Iṣẹ́ ò pọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Tó bá bàjẹ́, a óò padà sí tàtijọ́."

Ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Nínú aṣọ tí mo kọ́kọ́ rán, apá kan gùn ju èkejì lọ, mo sì tú u láìmọye ìgbà. Ìyá tó dàgbà jù láàárín wa, tí wọ́n ti ń rán apá tipẹ́, ní àwọn ò ṣe. "Apá ni kí ẹ máa gbé fún mi. Ìdí ẹ̀ lọkàn mi ti ń balẹ̀." Alájà ò fi dandan mú wọn.

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ wa mọ́ ọn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò iṣẹ́. Ọmọ Ifẹ̀wàrà kíyè sí i pé téèyàn bá ya ihò bọ́tìnì kó tó so ẹ̀gbẹ́ aṣọ pọ̀, aṣọ á tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kò ní ká jọ. Alájà fúnra wọn jókòó, wọ́n dán an wò, wọ́n sì ní kí gbogbo wa máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, iṣẹ́ ò falẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọmọ Ifẹ̀wàrà fi lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ n'Íléṣà. Ó dun Alájà gan-an. "Ó mọ̀ ọ́n rán tán, ó lọ," ni wọ́n sọ fún mi.

Mo bi wọ́n bóyá ká padà sí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n mirí. Wọ́n gbé aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé síwájú obìnrin tuntun tí wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí n jókòó tì í, kí n fi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ hàn án.