Iṣu Tí Mo Gbé Lọ sí Ìjàgbà

Òórùn kòkó ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti ń sún mọ́ Ìjàgbà, kí n tó rí òrùlé ẹyọ kan. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn: kòkó tí wọ́n bò sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó ti ń kan díẹ̀díẹ̀, tó ń dùn nímú lákọ̀ọ́kọ́, tí yóò sì wá kan bí ẹmu àná. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ọ̀nà ń yọ̀, ọlọ́kadà tó gbé mi ń yà fún kòtò bí ẹni ń jó, èmi sì gbá àpò iṣu mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Àyà mi ń já. Kì í ṣe nítorí ọ̀kadà. Ilé àna ni mò ń lọ, ilé àwọn tí ọmọ wọn àti ọmọ wa ti túká lókè òkun, mo sì fẹ́ lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ìyàwó náà. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi tí ìwé mi kò kọjá ìwé mẹ́fà, tí mo ń ta pákó l'Ọ̀wọ̀, ni mo jókòó sípò bàbá lọ́jọ́ ìdána rẹ̀. Ọmọ Ìjàgbà ni ọkọ, ó sì ti di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà kó tó wá fẹ́ ẹ. Wọ́n ṣe ìdána, wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó wá lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ ní Ìjàgbà títí ìwé àṣẹ tó máa fi wọ Amẹ́ríkà fi jáde. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, gbogbo wa ló sìn ín dé ibi ọkọ̀, mo sì sọ fún ara mi pé iṣẹ́ bàbá mi ti parí. Ẹ wo irọ́.

Kò tíì pé ọdún méjì tó débẹ̀ nígbà tó pè mí lórí fóònù.

“Bàbá mi, ó ti kó jáde.”

“Ta ló kó jáde?”

“Ọkọ mi.”

Mo ní kó lọ bẹ̀ ẹ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu bàbá nìyẹn; a kì í tilẹ̀ bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò ní ayọ̀ nínú. “Ẹ̀bẹ̀ ti tán, Bàbá mi. Káàdì mi ló kù.”

Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Káàdì tí wọ́n fún un nígbà tó wọ ìlú wọn, ti ọdún méjì péré ni, nítorí pé ìgbéyàwó wọn ṣì jẹ́ tuntun lójú ìjọba. Kí ọdún méjì náà tó pé, tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ṣì wà pa pọ̀, kí wọ́n tó lè fún un ní èyí tó máa pẹ́. Ọkọ sì ti ní òun kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó tún ń sọ kiri pé nítorí ìwé ni obìnrin náà ṣe fẹ́ òun. Lọ́yà sọ fún un pé ìyapa lásán, ìyẹn kí kálukú máa gbé lọ́tọ̀ láì jẹ́ pé kóòtù ti tú wọn ká, kò gbè é níbì kankan: kò ní ọkọ tó máa bá a fọwọ́ sí i, kò sì tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a fọwọ́ sí. Ìgbà tí kóòtù bá parí ọ̀rọ̀ wọn ló tó lè dá a ṣe, yóò sì ní láti fi ẹ̀rí hàn pé nígbà tí àwọn ń fẹ́ra, òótọ́ ni. Bí kò bá rí ẹ̀rí tó dájú, wọ́n lè gba káàdì, kí wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀, iṣẹ́ náà ló sì fi ń rán àbúrò rẹ̀ méjì níléèwé.

“Kóòtù ti tú wa ká lóṣù tó kọjá, n kò kàn fẹ́ sọ fún yín ni,” ló wí. “Ẹ̀rí ló kù. Ẹ̀yin náà máa jẹ́rìí, ṣùgbọ́n lọ́yà ní ta ni kò mọ̀ pé bàbá á gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀? Ó ní bí ìyá ọkọ mi bá lè sọ ohun tó rí…”

Mo mọ ẹni tó fẹ́ rán lọ sí Ìjàgbà.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo máa ń lérí ní sọ́ọ̀bù pákó pé n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, n kò jẹun dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù àna wà níbẹ̀, ẹ̀rù Amẹ́ríkà tún wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ pé bí ènìyàn bá búra, tí ọ̀rọ̀ kan bá ṣìnà nínú rẹ̀, wọ́n lè fi bàálù wá gbé e. Mo bi ara mi pé ibo ni bàálù ọ̀hún fẹ́ balẹ̀ sí l'Ọ̀wọ̀, ìyẹn sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀.

A kì í lọ sílé àna lọ́wọ́ òfìfo. Mo lọ sí oko mi ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, mo ṣa iṣu tó dáa jù nínú ọgbà. Mo ra obì àti orógbó kún un, kó má dà bí ẹni pé iṣu nìkan ni mo ní. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣọdẹ fún mi ní oyin ìgò kan, mo fi ìyẹn náà sí i. Inú mi dùn sí ẹrù mi. N kò ro ohun tí mò ń dì rárá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló wà níta nígbà tí a dé, ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí ẹní. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, kó tó wá rí iṣu. Ó wo iṣu, ó wo obì tó ń yọjú nínú ọ̀rá, ó wo ìgò oyin tí mo gbé dání bí ọmọ ọwọ́, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Màmá!” ló pariwo. “Ẹ jáde wá o! Wọ́n ti kó ẹrù wa dé!”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Iṣu, obì, orógbó, oyin: ohun tí wọ́n kó wá sílé wa lọ́jọ́ ìdána gan-an ni mo dì sórí ọ̀kadà. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ìdílé ìyàwó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ padà sílé ọkọ, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kò sí ìpàdé mọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́, ẹ kò sì tún gbọ́dọ̀ pe ara yín ní àna. Èmi tí mo wá bẹ̀bẹ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn.

Ọlọ́kadà wo ojú mi, ó wo ojú ẹni tó ń pariwo. “Bàbá,” ló rọra wí, “ṣé kí n má pa ẹ́ńjìnnì?”

Ìyá ọkọ jáde pẹ̀lú awò ojú rẹ̀. Kò wò mí, iṣu ló ń wò. “Àna mi,” ló wí, “ṣé ẹ̀yin náà ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe èyí fún mi?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù. “Màmá, ẹ̀bùn ni o! Iṣu oko mi ni!”

“Obì ńkọ́?” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí lókè orí mi. “Oko yín náà ni? Orógbó ńkọ́? Oyin ńkọ́? Ó ku kẹ́ ẹ gbé Bíbélì lé e! Ẹ dìde jàre, ẹ má ba bùbá jẹ́, òun nìkan ló dáa lára yín.”

N kò dìde. Màmá ní, “Ẹ gbé ọ̀bẹ wá.” Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo rò. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó mú iṣu tó tóbi jù, ó gé e sí méjì lójú gbogbo wa.

“Ẹrù tí wọ́n bá kó padà, a kì í sè é,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Èyí tí a bá ti sè, àlejò ló gbé e wá. Gbé e kaná. Àna mi, ẹ dìde nílẹ̀.”

Bí mo ṣe bọ́ nìyẹn. Nígbà tí iṣu wà lórí iná, mo ro ẹjọ́ mi, mo ṣàlàyé káàdì bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kò jẹ́ kí n parí.

“Màmá, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín lé ìyàwó ọmọ yín lọ nìyẹn. Àbúrò mi sì ti ní nítorí ìwé ló ṣe wá.”

“Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú mi,” ni Màmá wí, “níbo lo wà?”

“Ibi iṣẹ́ ni, Màmá.”

“Ta ló ń kán oògùn sí mi lójú? Ta ló ń sáré lọ dúró sí ìdí kòkó lọ́hùn-ún, nínú òjò, kí fóònù àbúrò rẹ lè wọlé? Lọ́jọ́ tí kò bá pè, èmi ni mo máa ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ ní yàrá. Ìyàwó ìwé máa ń sunkún?”

Ọ̀gbẹ́ni lọ wo iṣu lórí iná.

Màmá wá kọjú sí mi. “Àna mi, n kò ní fọwọ́ sí i pé wọ́n ti túká. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ṣì ń gbàdúrà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí bóyá wọ́n fẹ́ra, wọ́n fẹ́ra.”

“Màmá, ohun tí wọ́n ń bèèrè gan-an nìyẹn.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan ni.”

Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. “Kí ló wá dé tẹ́ ẹ kò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?”

Ọmọ rẹ̀ yẹn náà ló fi ọ̀kadà gbé e wá sí kóòtù l'Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ tí a lọ búra sí ẹ̀rí wa. Kò bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ó di ìyá rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn. Màmá sọ ohun tó rí, ó tẹ̀ka, ó jókòó. Nígbà tó kàn mí láti búra pé mo wà níbi ìgbéyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo rántí bàálù, mo sì rọra sọ fún akọ̀wé pé mo sùn díẹ̀ nígbà ìwàásù. Ó wò mí títí. “Bàbá,” ló wí, “ta ni kì í sùn?”

Wọ́n kó ẹ̀rí wa ránṣẹ́. Ó pẹ́ gan-an, wọ́n ń fi àkókò kún káàdì rẹ̀ bí ó ti ń dúró, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan ó fi àwòrán káàdì tuntun ránṣẹ́ sí mi, èyí tó máa lo ọdún mẹ́wàá. Mo wò ó títí fóònù fi ṣú. Kò padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, àdúrà Màmá kò gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pe Màmá, Màmá sì ṣì ń pè é ní ìyàwó òun.

Ohun tó kù sí mi lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti káàdì. Lọ́dọ̀ wa, bí ìgbéyàwó bá ti túká, a ó ní kò fìgbà kan jẹ́ òótọ́; a ó ní ojú ló ń tan wá, tàbí pé owó ni ẹnì kan ń lé. Ó máa ń rọrùn fún wa bẹ́ẹ̀. Ìjọba ibòmíràn ló wá ń bi wá ní ìbéèrè tí a kì í bi ara wa: nígbà tó wà, ṣé òótọ́ ni?

Èmi náà ti fẹ́ obìnrin kan rí ní Ìpele, kí n tó fẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi. A gbé pọ̀ díẹ̀, ó lọ. Gbogbo ẹni tó bá bi mí ni mo máa ń sọ fún pé eré ọmọdé ni. Láìpẹ́ yìí, oníbàárà kan wá ra pákó, ó ní ilé tí òun ń kọ́ ní Ìpele wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn òbí obìnrin náà, ó ní ṣé mo mọ ìdílé wọn. Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Mo ní ọkọ ọmọ wọn ni mo jẹ́ nígbà kan, wọ́n sì tọ́jú mi dáadáa. Ọkùnrin náà ní, “Haa, n kò mọ̀.” Mo ní kò sí bó ṣe lè mọ̀, èmi ni kò tíì sọ ọ́ rí. Mo bá mú téèpù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pákó fún un.