Dókítà Má-Mira àti Ìwé Àṣẹ Ọdún Kan

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Dókítà Má-Mira nígbà tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀. Kí ẹ tó máa bá a kẹ́dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Èèyàn dáadáa ni. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ládùúgbò wa ni àwọn tí kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló wọṣẹ́ ológun. Ìbọn ló wá gbé, ṣùgbọ́n dókítà eyín tó wà ní bárékè ń wá ẹni tí apá rẹ̀ le tí yóò máa bá a di orí àwọn sójà mú, wọ́n sì fà á lé e lọ́wọ́. Láti ibi orí dídìmú ló ti bọ́ sí eyín fífà. Nígbà tí ogun dé, ó ń fa eyín lábẹ́ àgọ́, lẹ́yìn ọkọ̀, lórí àpótí ọta. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń pa ẹnu kú tán nílẹ̀, ó fi òfin rọ́pò rẹ̀: ẹni tó bá mira lórí àga, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni yóò fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò eyín lójú ogun, ló bá wá ọgbọ́n dá. Yóò fi ìdí dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo ẹnu kan eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó; kò ní wo ẹnu, ojú aláìsàn ni yóò máa wò. Eyín tó bá kàn tí ojú bá ṣẹ́, òun náà ni. Ọgbọ́n yìí ló fi di Méjọ̀.

Ó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ó lọ jókòó ní yunifásítì láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó mọ iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ogún ọdún. Ó ṣí ilé ìtọ́jú eyín. Ó kọ́ nọ́ọ̀sì mọ́kàndínlógún níṣẹ́, mẹ́rìndínlógún nínú wọn sì sá lọ. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, yóò máa bú àwọn onímọ́tò lọ. Ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, nìkan ló lè mira níwájú rẹ̀ kó mú un jẹ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí kọ́ iṣẹ́ eyín, ó gba ilé ìtọ́jú náà lọ́wọ́ bàbá, ó sì ra ẹ̀rọ fọ́tò. Láti ọjọ́ náà ni ogun kejì ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín yàrá wọn. Bàbá ń pe ẹ̀rọ náà ní àpótí òfófó. Ọmọ ń pe eyín kíkàn ní iṣẹ́ káfíńtà. Wọn kì í kí ara wọn lójú àwọn aláìsàn. Ìwé pélébé ni wọ́n fi ń ránṣẹ́.

Àjọ tó ń bójú tó àwọn dókítà eyín wá ṣòfin pé ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀gá ilé ìtọ́jú ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún kó tó lè fa eyín. Ọmọ kọ ìwé pélébé sí bàbá: bí kò bá gbà láti máa ya fọ́tò, òun kò ní fọwọ́ sí i, ọjọ́ Ẹtì sì ni ìwé ti tẹ́lẹ̀ yóò kú. Bàbá fi ìwé náà nu dígí.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Kọ́pùrù kan tó ti sìn lábẹ́ rẹ̀ lójú ogun wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Nọ́ọ̀sì darí rẹ̀ sí yàrá ọmọ, Kọ́pùrù ní òun kò lọ, ọ̀gá òun ló ń fa eyín òun.

Má-Mira kan ti àkọ́kọ́, ó kan ìkejì, ó kan ìkẹta. Kọ́pùrù tẹjú mọ́ àjà bí sójà tó tò sórí ìlà. Ó kan ìkẹrin, ojú ṣẹ́. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó dúró díẹ̀, ó fà á. Ẹ ò lè rí eyín tí wọ́n fà dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé eyín náà funfun báláú, kò sí ohun tó ṣe é.

Nọ́ọ̀sì wo inú àwo, ó lọ pe ọmọ. Ọmọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé, ó ya fọ́tò: ìkẹta ló ti jẹrà dé gbòǹgbò.

“Nígbà tí mo kan ìkẹta,” ni Má-Mira bi Kọ́pùrù, “ṣé kò dùn ọ́ ni?”

“Ó dùn mí wọra, sà.”

“Kí ló dé tí o ò ṣẹ́jú?”

“Ẹ̀yin lẹ ní ká má mira, sà.”

“Ìkẹrin ńkọ́?”

“Ìyẹn ò dùn mí rárá, sà. Ara ló tù mí.”

Kọ́pùrù rí ojú tí ọmọ fi ń wo bàbá, ló bá yí padà, ó fi ẹnu tó ti kú sọ pé òun lòun ní kí wọ́n fa ìkẹrin, pé ó ti pẹ́ tí eyín náà ti ń rí òun fín.

Má-Mira ní kó panu mọ́. Ó mú káàdì Kọ́pùrù, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé òun fa eyín tó dáa yọ, pé ẹ̀bi òun ni, ó fọwọ́ sí i, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀.

“Ìwé àṣẹ yẹn, ṣé wàá fọwọ́ sí i?”

“Rárá, Bàámi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní o fọwọ́ sí i ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá lọ fẹjọ́ rẹ sùn lọ́dọ̀ Àjọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ dí mi lójú.”

Ó sún sẹ́yìn, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Títí ọmọ fi fa ìkẹta yọ ni bàbá ń kùn sí i létí pé ẹ̀mú ló dì mú, kì í ṣe ṣíbí.