Ọjọ́ tí Gbogbo Wa Dúró sí Ẹnu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn Ìdánwò

Ọdún tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì jìnnà. Ọmọ tí wọ́n bí nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe màstá, oyè kejì, ní Àtàkpàmé lónìí sọ̀rọ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹ rò pé láti ọ̀run ni òfin ti wá, èyí tó ní kí ilé ẹ̀kọ́ ka ìlànà ìdánwò sí yín létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Irọ́ ni o. A jà fún un ni. Èmi ni aṣojú kíláàsì nígbà náà, inú mi sì ń dùn títí dòní pé ó ṣojú mi.

Kíláàsì ìṣirò owó ni tiwa. Òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú wa, Jímọ̀ àti Sátidé la máa ń gun òkè tí ilé ẹ̀kọ́ wà lọ kàwé. Davi Yawa, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa, olùkọ́ ọmọdé ni ní Glei. Ọlọ́kadà ló ń gbé e wá, ti òun ti oyún. Ọ̀gá rẹ̀ ti yọ̀ǹda ọjọ́ Jímọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún un gbangba pé ọdún kan péré ni, kò ní sí ìkejì. Bí Davi Yawa kò bá yege lọ́dún yẹn, màstá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí a ṣe kọ̀ntúrọ́ọ̀lù, ìyẹn ìdánwò àárín sáà, nínú ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò ìwé owó, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló bímọ. Wọ́n kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ó dùn wá, àmọ́ ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, nítorí ohun tí a mọ̀ ni pé kọ̀ntúrọ́ọ̀lù jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdánwò ìparí sì jẹ́ ìdá méjì tó kù. Ẹni tó bá ṣubú láàárín lè dìde nígbẹ̀yìn.

Àfi ìgbà tí ìdánwò ìparí kù sí dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri: ẹni tí kò bá gba mẹ́wàá lórí ogún nínú kọ̀ntúrọ́ọ̀lù kò ní jókòó ṣe ìdánwò ìparí. Kọ̀ntúrọ́ọ̀lù tí a ti ṣe tán, tí wọ́n ti fún wa ní máàkì rẹ̀! Orí mi gbóná. Mo lọ bá Dirẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, tó tún jẹ́ olùkọ́ wa nínú ìlànà ìṣirò owó. Èèyàn líle ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà.

Ó ní, "Ẹni tó mọ̀wé kò ní bẹ̀rù òfin."

Mo ní, "Mẹsìyé, ọ̀gá wa, Davi Yawa wà ní ilé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ náà."

"Òdo ni òdo."

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Máàkì obìnrin náà ni Dirẹ́tọ̀ ń wò, kò wo òfin tó wọ́.

A ṣèpàdé, ẹnì kan sì dábàá pé kí gbogbo wa kọ̀ láti wọlé ìdánwò. Àwọn tí òfin náà kàn kò tó ìdá mẹ́rin kíláàsì, ọ̀pọ̀ wa ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún. Edem, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, bọ́ síwájú.

"Èmi gba mẹ́rìnlá," ó wí. "Bí mi ò bá wọlé lọ́jọ́ ìdánwò, òdo ni wọ́n máa kọ fún èmi náà. Kí ni màá jèrè níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó lè bú u, òótọ́ ló sọ. Fófó Kọmlà, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, àgbà kíláàsì wa, ọmọ àgbẹ̀ láti Moretan, ló dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

"Edem, ṣé ìwọ náà ti bá wọn ṣe àáró rí?"

"Fófó, ta ni kò ṣe é? Oko bàbá mi ni mo ti jáde."

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ ro poro tirẹ̀ dópin, ṣé abẹ́ igi ló ń lọ?"

Gbogbo wa la mọ ìdáhùn. Lóko wa, ẹni tó bá tètè parí kì í jókòó, yóò yí padà ni, yóò máa roko bọ̀ láti òdì kejì títí yóò fi pàdé ẹni tó kẹ́yìn. Bí àgbà bá rí ọ níbi tí o ti ń sinmi nígbà tí ọkọ́ ẹnì kan ṣì ń ró, orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́ kò ní tán lára rẹ bọ̀rọ̀.

Edem rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Fófó, ẹ ti mú mi."

Bí a ṣe fohùn ṣọ̀kan nìyẹn: bí ẹnì kan kò bá ní wọlé, gbogbo wa ò ní wọlé.

Ṣùgbọ́n ìjà nìkan kò lè mú èèyàn yege. Òdo Davi Yawa ṣì wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ogún nínú ìdánwò ìparí, kí àpapọ̀ rẹ̀ tó lè tó mẹ́wàá tí wọ́n fi ń yege, lọ́wọ́ olùkọ́ àyẹ̀wò ìwé owó tó jẹ́ pé mẹ́tàlá gan-an ṣòro fún un láti fún èèyàn. Nítorí náà a ṣe àáró ìwé. Ilé rẹ̀ ní Glei la ń lọ, kí ọmọ má baà jìyà. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan dáadáa ni yóò kọ́ wa lọ́jọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ gbọ́ ohun tí a kọ́ níbẹ̀: ẹ wo iye máàkì ìbéèrè kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi bí ẹ ṣe ṣírò hàn, bí ìdáhùn yín kò tilẹ̀ bára dọ́gba, ẹ sì máa fi ohùn sókè kọ́ ara yín, torí ohun tí ẹnu kò lè ṣàlàyé, ọwọ́ kò ní lè kọ ọ́. Davi Yawa á máa fọ́mọ lọ́mú, á máa bi Edem ní ìbéèrè títí Edem á fi máa làágùn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń pe orúkọ, kò sẹ́ni tó wọlé. Gbogbo wa dúró síta pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣírò wa àti kálàmù wa. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Dirẹ́tọ̀ jáde wá, ojú rẹ̀ le.

"Kí lẹ ń dúró dè?"

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Davi Yawa ti kọjá síwájú mi, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mẹsìyé, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ yí ọ̀nà tó ń gbà ṣírò padà, ìgbà wo ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀?"

Olùkọ́ ni Dirẹ́tọ̀, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kí ó tó rò ó. "Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún."

"Bó bá ṣe é nígbà tí ọdún ti fẹ́ parí, lórí ìwé tí wọ́n ti pa dé ńkọ́?"

Ó wo ọmọ náà. Ó wo gbogbo wa.

"Aṣàyẹ̀wò kò ní fọwọ́ sí i," ó wí wẹ́lẹ́.

Ó padà sínú ọ́fíìsì, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù bó ṣe ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ẹ wọlé, gbogbo yín. Òfin yẹn di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ la ó sì kà á." Ariwo tí a pa, àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè rò pé wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ni. Ìyá Dirẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀, tó ń ta omi tútù lẹ́nu géètì, gba ọmọ lẹ́yìn Davi Yawa, ó ní kó lọ kọ̀wé rẹ̀.

Mẹ́rìndínlógún ni Davi Yawa gbà. Mo sunkún nígbà tí mo rí i, ojú kò tì mí.

Ohun tí a jèrè nìyẹn: òfin tí wọn kò kà sí yín létí kò lè mú yín. Àdánù wa ni pé méjì nínú àwọn tí òfin kàn ti kó ẹrù wọn lọ sí Lomé kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì padà wá. Ohun tó kù ni èyí: títí dòní, kò sí ìlà kan nínú ìlànà náà tó sọ ohun tí a ó ṣe fún ẹni tó ń rọbí lọ́jọ́ kọ̀ntúrọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin lẹ máa parí ìyẹn.

Davi Yawa ló ń kọ́ni ní àyẹ̀wò ìwé owó níbẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó bá ti ka ìlànà tán, á gbé kàlẹ́ńdà sórí tábìlì, á bèèrè pé, "Ta ló lóyún nínú yín? Ẹ sọ oṣù yín, ká lè mọ ọjọ́ tí a máa mú fún kọ̀ntúrọ́ọ̀lù." Kíláàsì tirẹ̀ nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.