Lẹ́ńsì Tó Rí Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Alágídí ni mí, mi ò ní purọ́. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní Westchase, ní Houston níbí, fún mi ní kámẹ́rà àtijọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò ní lẹ́ńsì. Irú èyí tí a ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì rẹ̀ ni, kí àwòrán lè ṣe kedere: wàá rí àwòrán méjì nínú fèrèsé kékeré rẹ̀, wàá máa yí i títí méjèèjì á fi di ọ̀kan.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lọ rà á, bàbá òyìnbó tó ń ta lẹ́ńsì jókòó sórí àpótí, wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ yà. Mo ní ìyá mi ni, nínú apartment wa. Wọ́n gbé èyí tó kúrú, tó ń rí gbogbo yàrá, fún mi. Mo kọ̀. Èyí tó gùn, tó ń fa ojú èèyàn mọ́ra, ni mo rà. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, èmi dúró, mi ò rí i.

Àìsàn ẹsẹ̀ ló gbé ìyá mi wá sí Houston. Wọn ò lè dá dìde mọ́ nílé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti tún ìrìn kọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde ò gbà gbọ́ pé wọ́n ń rìn. Wọ́n ní a kàn ń fi lẹ́tà tan àwọn ni, pé àwọn dókítà ti gé ẹsẹ̀ àbúrò àwọn. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Ó ku ká fi àwòrán hàn wọ́n.

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, ìyá mi múra, wọ́n dúró ní pálọ̀, wọ́n fọwọ́ kan di àga mú. Mo fẹ̀yìn rìn títí mo fi kan fíríìjì. Orí dé àyà nìkan ni mo rí. Mo ní ká lọ síta, níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí.

Ìyá mi wò mí. "Ṣé mọ́tò lo fẹ́ yà ni? Pálọ̀ ni wọ́n ti ń ya ìyá ọlọ́mọ. Ẹsẹ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ rí."

Lọ́jọ́ kejì mo rọra padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá yẹn gba lẹ́ńsì gígùn, wọ́n fún mi ní kúkúrú yẹn, wọn ò tiẹ̀ fi mí ṣẹ̀sín. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́tẹ̀ yìí, láti orí gèlè dé bàtà ni mo rí. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà, ìyá mi yọwọ́ lórí àga. Mo pariwo pé kí wọ́n rọra. Wọ́n ní kí n yà á. Mo yà á, a sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wọn dé nígbà tó yá. Wọ́n ní àwọn ò kọ́kọ́ wo ojú rárá, ẹsẹ̀ ni àwọn kà, ó pé méjì, àwọn sì jẹun.