Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe

Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, á máa rọra fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. "A kì í torí eku kan dáná sunlé" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ojú Ọrẹ.

Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan gbé láptọ́ọ̀pù wá. Ó ti yọ áńtífáírọ́ọ̀sì àtijọ́, ètò tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, kúrò, ṣùgbọ́n àjẹkù rẹ̀ kò jẹ́ kí tuntun wọlé.

"Àǹtí, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́! Mo ń kánjú."

"Iṣẹ́ tí o fẹ́ fi gboyè ńkọ́? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó o síbòmíràn."

Inú bí ọmọkùnrin náà. Ó fẹ́ já ẹ̀rọ náà gbà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbá láptọ́ọ̀pù náà mọ́yà, ni ọmọ náà bá kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ bò ó láṣọ. Àwọn wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀, wọ́n ń ta á nípàá, títí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi kígbe pé kí wọ́n má pa á.

Ó nu ẹnu, ó jókòó, ó kó iṣẹ́ ọmọ náà pamọ́, ó sì wá àjẹkù náà rí, ó pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé láptọ́ọ̀pù lé e lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ rẹ pé," ló wí. "Eyín mi ni kò pé mọ́."